Àgbà, Kẹ̀kẹ́ àti Oṣù Méjìlá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Òwe yìí kì í ṣe òwe ọ̀lẹ. Ìgbín tí a ń wí yìí ń gun igi ní tòótọ́; kò jókòó sí ìdí igi kí ó máa kárí sọ. Ohun tí òwe náà ń tẹnu mọ́ ni ọ̀nà tí ó gbà ń gùn ún: ó mọ bí ara òun ti rí, ó sì fi ìwọ̀n ara rẹ̀ wọn ìwọ̀n ìrìn rẹ̀. Bóyá ni a lè rí ẹ̀dá tí òwe yìí bá mu tó àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó jókòó sídìí tábìlì ní òpin ọdún pẹ̀lú kàlẹ́ńdà àti àwòrán ilẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó ń ṣètò bí òun yóò ṣe fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn gígùn ní oṣooṣù títí ọdún yóò fi yípo.

Létí ẹni tí kò bá tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà lè dà bí àwàdà. Ọ̀pọ̀ ni yóò béèrè pé kí ni àgbà ń wá lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó máa sinmi. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrìn báyìí ní ìtàn, ó sì ní òfin. Ọdún 1904 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Audax Club Parisien sílẹ̀ ní Paris; ọdún 1976 sì ni wọ́n dá Audax UK sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni onígboyà. Kì í ṣe eré ìje ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni ìkẹyìn. Káàdì kan ni wọ́n máa ń fún ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti dé ibùdó àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí i, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ gba rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lóde òní, ẹ̀rọ tí ń tọpa ìrìn náà ń jẹ́rìí pẹ̀lú.

Ohun tí òfin béèrè jùlọ ni pé kí onítọ̀hún parí ìrìn rẹ̀ láàárín àkókò tí a dá: wákàtí 13 àti ààbọ̀ fún kìlómítà 200, wákàtí 20 fún 300, wákàtí 27 fún 400, àti wákàtí 40 fún 600. Ìrìn Paris sí Brest padà sí Paris, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1891 gẹ́gẹ́ bí eré ìje, ti di ìrìn onígboyà tí ó ń wáyé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 1,200, wákàtí 90 sì ni àkókò tí ó gùn jùlọ tí a lè fi rìn ín. Àkókò kan náà ni a dá fún ọmọ ogún ọdún àti ẹni àádọ́rin ọdún. Òfin náà kò mọ ewú yàtọ̀ sí irun dúdú.

Láàárín àwọn ètò tí Audax UK gbé kalẹ̀, ọ̀kan wà tí ó jẹ mọ́ ọdún kan gbáko. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rin, ó kéré tán, kìlómítà 200 lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjìlá tí ó tẹ̀lé ara wọn. Oṣù tí ó bá wù ú ni ó lè fi bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín ní kìlómítà 2,400. Fún ẹni tí ó mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 200 ju ìrìn náà lọ dáadáa, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń fi rìn ín. Síbẹ̀, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ibi tí ó ti le ni pé bí oṣù kan ṣoṣo bá kọjá láìrìn, ìṣirò ti bàjẹ́. Ẹni tí ó ti ka oṣù mẹ́wàá yóò padà sí oókan. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè fi í rẹ́rìn-ín, kí ó ní ọdún ń bọ̀. Àgbà mọ̀ pé ọdún tí ń bọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ìdí nìyí tí ìṣètò fi ṣe kókó. Ojú ọjọ́ ni àgbà kọ́kọ́ ń bá dámọ̀ràn. Bí oṣù Ọ̀pẹ̀ bá ti ń lọ sí òpin, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í pé wákàtí mẹ́jọ. Ní oṣù Òkúdù, ó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí yóò lo wákàtí mẹ́tàlá lójú ọ̀nà nígbà òtútù yóò lo nǹkan bí wákàtí márùn-ún nínú òkùnkùn: yóò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Omi tí ó dì sójú títì ni ewu tí ó tún tẹ̀lé e, nítorí táyà tín-ín-rín kò rí ibi dì mú lórí rẹ̀, egungun àgbà kì í sì í tètè so padà bíi ti ọ̀dọ́.

Nítorí náà, àgbà tí ó gbọ́n kì í fi ìrìn oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọ̀sẹ̀ tí oṣù ń parí lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò fi í sí, kí ó lè jẹ́ pé bí omi dídì bá dí ọ̀nà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù lẹ́yìn. Ọ̀nà tí òkè rẹ̀ kò pọ̀ ni yóò yàn, èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, kí ó lè rí ohun wọ̀ padà sílé bí ara bá kọ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò gbìyànjú láti kọjú sí i ní òwúrọ̀ nígbà tí agbára ṣì wà, kí ó lè máa tì í lẹ́yìn bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ní in lọ́kàn láti fi 300 tàbí 400 kún un, Èbìbí àti Òkúdù ni yóò dá a dúró dè, nígbà tí òru kúrú.

Àwọn àgbà ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ó ti rí nínú oúnjẹ ni ó rí nínú ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ìrìn kún gbogbo ààyè inú kàlẹ́ńdà rẹ̀, tí kò ṣẹ́ ọjọ́ kankan kù fún òjò, fún àìsàn, tàbí fún òkú tí a ó sin àti ìyàwó tí a ó gbé, onítọ̀hún ti jẹ àjẹìwẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ojú ọjọ́ ni ara. Kí àgbà tó fa ìlà kankan sínú ìwé, ó yẹ kí ó ti lọ rí dókítà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iye ìgbà tí ọkàn lè lù láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí iṣẹ́ bá le jùlọ ń dín kù. Iṣan ń joro. Ojú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i ní òru. Òùngbẹ pàápàá ń di ẹlẹ́tàn, nítorí omi lè ti tán lára àgbà kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó mọ èyí kì í dúró de òùngbẹ tàbí ebi. Aago ni ó ń wò mu omi, aago ni ó sì ń wò jẹun. Iná méjì ni yóò so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, kí òkùnkùn má baà bò ó bí ọ̀kan bá kú. Yóò gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ kí ọrùn àti ẹ̀yìn lè sinmi. Yóò wá jíà tí ó fúyẹ́ láti fi gun òkè, kò sì ní ka èyí sí àbùkù. Níwọ̀n bí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé ìwúwo ara fún ẹni tí ó gùn ún, egungun kì í rí iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀. Nítorí náà, yóò tún máa fẹsẹ̀ rìn, yóò sì máa gbé ohun tí ó wúwo níwọ̀nba.

Èyí tí ó ṣòro jùlọ fún un láti gbà ni ìsinmi. Ọ̀dọ́ lè rin 200 ní ọjọ́ Sátidé kí ó sì tún jáde ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni iṣan àgbà nílò kí ó tó bọ̀ sípò. Nínú ìwé ètò àgbà, ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe àlàfo láàárín iṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an jẹ́ ara iṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ara àgbà ṣì lè gba ẹ̀kọ́, ìtàn Robert Marchand tó láti dá a lóhùn. Ìlú Amiens ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 26 oṣù Bélú ọdún 1911. Ènìyàn kúkurú ni. Díẹ̀ ni ó fi ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, wọ́n sì ti sọ fún un nígbà èwe pé irú ara rẹ̀ kò lè di akọni lórí kẹ̀kẹ́. Ó ṣe panápaná ní Paris, ó rékọjá sí Venezuela lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó gé gẹdú ní Kánádà, ó sì padà sílé ní ọdún 1960. Ìgbà tí ó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ni ó tó padà sórí kẹ̀kẹ́ ní pẹrẹu. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2012, nígbà tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó rin kìlómítà 24.25 láàárín wákàtí kan. Nínú ọdún yẹn kan náà, ó rin kìlómítà 100 ní Lyon láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 17. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, ó tún jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, ó sì rin kìlómítà 26.92. Ó ti dàgbà sí i, ó sì tún yára sí i.

Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Véronique Billat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì. Nǹkan bí kìlómítà 5,000 ni ó ń rìn lọ́dún. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìrìn yìí, ọgọ́rin jẹ́ ìrìn pẹ̀lẹ́ tí kò mú un mí hẹlẹ, ogún péré sì ni ó le. Nígbà tí wọ́n wọn agbára ara rẹ̀ láti lo atẹ́gùn ọ́síjìn, ó ti fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lékún. Ìgbín ni ó fi ṣe olùkọ́: ìrìn pẹ̀lẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó gbé e dé ibi tí ó dé.

Síbẹ̀, ìtàn náà kò parí síbi ìborí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ní ẹni ọdún 105, kìlómítà 22.547 ni ó rí rìn láàárín wákàtí kan. Ó ní òun kò rí pátákó tí ó sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ì bá yára sí i. Ní ọdún 2018, lórí ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn, ó kéde pé òun ń fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní oṣù Èbìbí ọdún 2021, ní ẹni ọdún 109. Ẹni tí ó lè yára sí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún náà ni ó tún gbọ́ nígbà tí a sọ fún un pé ó tó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àgbà tí ó jókòó sídìí tábìlì. Ọjọ́ kan lè dé, bóyá ní oṣù kọkànlá ètò rẹ̀, tí yóò jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì rí i pé títì ń dán bíi dígí. Ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ́yìn oṣù ni. Ikọ́ ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìṣáájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá jáde, oṣù mẹ́wàá di asán. Bí ó bá jáde, ó lè má padà wọlé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wò ó, kò sì sí ẹni tí yóò yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ìgbéraga òun nìkan ni ó dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni a óò mọ̀ bóyá ìwé ètò rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ tàbí olúwa rẹ̀. Àgbà tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó gbé omi tíì kaná, tí ó sì kọ oókan sí orí ìwé tuntun, kò pàdánù. Ẹsẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ padà ni ó fi pamọ́.

Olùkọ́ yóò dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Olùkọ́ tuntun a máa kó iṣẹ́ kún gbogbo ọ̀sẹ̀ inú sáà, kí ó tó rí i pé òjò, ọjọ́ ìsinmi ìjọba àti ọmọ tí kò tètè yé ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ òun. Èyí tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń fi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan náà tí ó ti ṣe ètò iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún lè fẹ̀yìn tì láìní ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé fún ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ìwé tí a ó kọ, ó lè jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí oṣù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó bá ara mu, kí àyè sì wà láàárín oṣù fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀. Ìgbín kò tíì dé orí igi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìdí igi ni ó wà.