Ti Ìyá Ni, Tàbí Ti Bàbá?

 

Ní ilé tiwa, ọmọkùnrin wa pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò tíì rìn. Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé láti ilé pé irú rẹ̀ kò sí nínú ìdílé bàbá wa, pé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. A ka ìwé náà sétí ìyàwó wa. Kò yẹ kí a kà á. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá wa sọ̀rọ̀.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni bàbá kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí ìrèké ní Badeggi wá dúró de ọkọ̀ ní ọ́fíìsì rélùwéè tí a ti ń ṣe akọ̀wé ní Minna. Ó gé ìrèké fún wa, a jọ ń jẹ ẹ́, ni a bá bi í pé ta ni ìrèké ń jọ.

Ó ní, “Akọ̀wé, èyí tí a gé gbìn kò ní yàtọ̀ sí èyí tí a gé e lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ irú tuntun, òdòdó ìyá àti ti bàbá ni a ń mú pọ̀.”

Ó wá sọ ti Coimbatore ní Íńdíà. Wọ́n mú ìrèké aládùn kan ṣe ìyá, wọ́n sì mú ìrèké ìgbẹ́, tí ó tín-ín-rín tí kò sì dùn, ṣùgbọ́n tí ó lágbára, ṣe bàbá. Ọmọ wọn ni Co 205, tí ó jáde ní 1918, tí àwọn àgbẹ̀ àríwá Íńdíà sì gbà tọwọ́ tẹsẹ̀. Okùn àjogúnbá inú ara ìyá jẹ́ 80, ti bàbá 64. Bí olúkúlùkù bá mú ìdajì wá, 72 ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n 112 ni wọ́n kà lára ọmọ: bàbá mú 32 wá, ìyá kó gbogbo 80 rẹ̀ wá láìku ẹyọ kan!

A rẹ́rìn-ín pé ẹ̀gbọ́n wa ìbá fẹ́ràn ìtàn yìí. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìrèké nìyẹn o. Ọmọ ènìyàn, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ṣé ẹ ti bèèrè ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín rìn?”

A kò bèèrè rí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ̀wé sí ìyá wa. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ sì ti ń di àga mú rìn nígbà náà. Ìyá wa ní ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni àwa tó rìn, àti pé bàbá wa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ka ìwé yìí náà sétí ìyàwó wa. Ó ní kí a tún un kà.