Ta Lẹ Mọ̀ Níbẹ̀?

Nígbà tí láíbìrì yunifásítì yín kò bá ní ohun tí ẹ ń wá, ta lẹ máa ń pè? Àwa o, ẹni tó mọ ẹnìkan níbòmíì la máa ń pè.

Àwa márùn-ún la jọ ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ máàsítáàsì lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ògbólógbòó kan wà tí a ò lè ṣe láìkà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì wà, ní yunifásítì kan tó jìn sí wa ní ìrìn wákàtí márùn-ún. Màmá tó ń jókòó ní káńtà láíbìrì wa fún wa ní fọ́ọ̀mù. "Ẹ kọ ọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó máa dá wa lóhùn lọ́hùn-ún ni mi ò mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa wọ láíbìrì ọ̀hún, ó fi fóònù ya orí kejì àti orí kẹta, ó fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ojú ewé 46. Àtàǹpàkò rẹ̀ bo ìlà mélòó kan, ṣùgbọ́n a kà á.

Ẹni karùn-ún wa ńkọ́? Ó fẹ́ fi ìwé ìròyìn Yorùbá wé ti Hausa, iṣẹ́ tó nílò sì wà ní yunifásítì kan lápá Àríwá. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó yí àkọlé rẹ̀ padà. Ká má purọ́, iṣẹ́ yẹn ni ì bá dára jù nínú tiwa.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1956, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donald Urquhart ka iye ìgbà tí wọ́n béèrè fún jọ́nà kọ̀ọ̀kan ní láíbìrì Science Museum ní London. Ó rí i pé díẹ̀ péré nínú wọn, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè dá lé. Àìmọye wà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rárá. Ìmọ̀ yẹn ló gbé lọ sí Boston Spa ní Yorkshire, níbi tí wọ́n ti ṣí láíbìrì sáyẹ́ǹsì kan ní 1962 tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti máa fi ìwé àti ẹ̀dà ránṣẹ́ sáwọn láíbìrì yòókù. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà o! Owó ìjọba wà níbẹ̀ lóòótọ́, iná náà sì wà. Ṣùgbọ́n kíka ìbéèrè, bírò àti ìwé lásán ló gbà.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti ní "kò sí", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan béèrè. Bí èèyàn márùn-ún bá wá ohun kan náà wá lọ́sẹ̀ kan, láíbìrì ò ní mọ̀.

A ò ní kí wọ́n gbé ìwé fúnra rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kẹ̀! Àwa gan-an ò ní gbà. Orí kan tí wọ́n ya dáadáa, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ti tó. Kí láíbìrì kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan sí i, kí ímeèlì náà sì jẹ́ ti ọ́fíìsì, kó má baà bá a lọ sílé lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n gbé orúkọ àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ wọn síta. Kí wọ́n sì lẹ iye tí ojú ewé kan jẹ́ mọ́ ògiri. Owó ọkọ̀ wákàtí márùn-ún, àlọ àti àbọ̀, a ti mọ iye tó jẹ́.