Oòrùn Kò Gbowó, Ìtọ́jú Ló Ń Béèrè

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí epo bẹntiróò gbówó lórí ní 2023, èmi àti baálé mi ta jẹnẹrétọ̀ wa, a fi owó àjọ mi kún un, a sì ra iná oòrùn. Ariwo tán nílé, èéfín tán. Ọmọ wa tí èéfín ń mú wúkọ́ sùn fọnfọn.

Ní òru ààwẹ̀ kan, mo lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Nígbà tí a jí láti jẹ sààrì, ilé ṣókùnkùn! Ẹ̀rù bà mí pé owó àjọ mi ti ṣòfò. Ẹni tí ó bá wa so iná náà ló là mí lóye. Ọ̀sán nìkan ni oòrùn ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ní ń pa á mọ́ di òru, áyọ́ọ̀nù ni ó sì mu ún tán. Ìkùukùu òjò àti eruku ọyẹ́ pẹ̀lú ń dín agbára rẹ̀ kù. Bátìrì a sì máa gbó.

Nísinsìnyí, ọ̀sán ni mò ń lọ aṣọ, mo sì ń tọ́jú owó bátìrì pamọ́ lóṣooṣù. Kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ ó lò lóru.