Ọbẹ̀dò Tí Ó Kù Díẹ̀ Kí Ọmọ Mi Jẹ

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, èmi tí mò ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ti wá rí i pé ní ti oúnjẹ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní ilé wa ní Ìdó-Èkìtì, mo ń sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé lọ́dọ̀ wa nípa àwọn obìnrin Kanembu ní ilẹ̀ Chad. Wọn a máa kó ọbẹ̀dò, ohun àwọ̀ ewé tí í bo ojú omi, láti inú adágún. Wọn a sẹ́ ẹ, wọn a dà á sórí iyanrìn kí oòrùn gbẹ ẹ́, wọn a sì gé e láti fi se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Spirulina ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń dàgbà. Bí ó bá gbẹ, ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni ó jẹ́ èròjà amúaradàgbà, irú èyí tí a ń wá nínú ẹ̀wà àti ẹja.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà náà, ara rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wọ ilé ìdáná, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ó ti kó ọbẹ̀dò láti inú kòtò omi ẹ̀yìnkùlé, ó ti sá a gbẹ, ó sì fẹ́ pò ó mọ́ ògì ọmọ.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó ń mú ara dàgbà."

Àyà mi já. Mo gba àwo náà, mo dà á nù. N kò bá a wí, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi.

Odindi ọ̀rọ̀ náà nìyí. Omi àwọn Kanembu kún fún irú káún tí a fi ń se ẹ̀wà. Ohun mìíràn kì í sábà lè gbé inú rẹ̀. Kí Jean Léonard, onímọ̀ ewéko ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, tó ṣe alábàápàdé dihé ní nǹkan bí 1964, àwọn ìyá ti ń fi ọ̀nà rẹ̀ han ọmọbìnrin wọn. Ṣùgbọ́n oríṣi ọbẹ̀dò mìíràn wà tí ó ní oró tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa oró náà. Ẹ má ṣe bu ti kòtò tàbí odò yín jẹ láéláé.

Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè, tí a lọ̀ kúnná mọ́ ògì, pẹ̀lú ẹyin àti ẹja gbígbẹ tí a gún, ni mo fi tọ́jú ọmọ mi títí ara rẹ̀ fi mókun.

Àwọn obìnrin Kanembu mọ omi wọn kí wọ́n tó bu oúnjẹ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí ọmọ yóò jẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ ní odindi.