Ọkọ̀ Wo Ni Ká Mú Lọ́jọ́ Tí Nǹkan Bá Dojú Rú?

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi Ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo bá àwọn ọmọ kíláàsì Troisième mi nínú àríyànjiyàn nígbà tí mo wọlé láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Wọ́n ti wo fíìmù kan lórí fóònù, nínú èyí tí àwọn òkú jí dìde, tí wọ́n ń bu ènìyàn jẹ, tí àwọn ìlú ńláńlá sì tú ká. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé: bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ọkọ̀ wo ni ó yẹ kí ènìyàn mú, kí ó fi irin dì í, kí ó kó oúnjẹ àti omi sínú rẹ̀, kí ó sì fi gbé ẹbí rẹ̀ sá lọ?

Mo ní kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n n kò pa ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ìbéèrè wọn sójú pátákó, mo sì ní kí olúkúlùkù dáhùn, kí ó sọ ìdí. Ọ̀kan ní Hummer, nítorí pé òun ni ó rí nínú fíìmù. Òmíràn ní titan onítáyà mẹ́wàá, kí òkú kankan má baà lè dojú rẹ̀ dé. Land Cruiser ni ọ̀pọ̀ wọn mú. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn ní zémìján ni tòun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tán, ó wá bi wọ́n pé, “Bí Hummer yín bá bàjẹ́ ní Towé, ta ni yóò tún un ṣe?”

Kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí pé ìbéèrè yẹn ti bá mi nílé rí.

Kí n tó sọ bí ó ṣe bá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn òkú yìí. Akúdàáyà tí àwọn àgbà wa ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í jẹ ẹnikẹ́ni. Ìlú mìíràn ni ó ń lọ jókòó sí, a ṣòwò, a fẹ́ aya, a bímọ, títí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi bá a pàdé lọ́jà, tí yóò sì di àwátì. Haiti ni ọ̀rọ̀ zombi ti kárí ayé, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn etíkun tiwa yìí lọ lẹ́rú. Zombi ti ọ̀hún kì í jẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Òkú tí wọ́n jí dìde láti máa ṣiṣẹ́ láìgbowó ni. Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rù ẹrú tó ń rò ó pé ikú pàápàá lè má gba òun sílẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá sọ òkú tí ń rìn di ajẹ̀nìyàn, pàápàá láti ìgbà tí George Romero ti ṣe fíìmù Night of the Living Dead ní ọdún 1968. Ọdún 1968 yẹn kan náà ni Peugeot gbé ọkọ̀ 504 jáde, òun sì ni ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ayé kò tíì parí ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n ó ti dáwọ́ dúró lójú wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwa tí à ń gbé létí ààlà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ní ẹrù tí kì í pẹ́ẹ́ bàjẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba ilẹ̀ Benin pààlà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn ká. Ẹni tó wà nínú kò lè jáde, ẹni tó wà lóde kò lè wọlé bí kò bá ní ìwé àṣẹ. Ó di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó gbé ààlà náà kúrò. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun kéde ní Nàìjíríà pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Epo tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó 200 náírà fún lítà kan di nǹkan bí 500, kpayo tí ọ̀pọ̀ wa gbẹ́kẹ̀ lé sì gbówó lórí lọ́wọ́ kan náà. Òkú kankan kò jí dìde ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, síbẹ̀ ọ̀nà dí.

Ìgbà ààlà kòrónà yẹn ni tèmi ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní abúlé oko kan lápá Issaba, níbi tó ti lọ wo ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ọ̀hún mọ ilẹ̀ dúdú ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, a máa sán bí àwo tó fọ́. Bí òjò bá rọ̀ sí i, a di amọ̀ tó ń mú ẹsẹ̀ àti táyà bí àtè. Òjò sì ti ń rọ̀ láti ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní jíìpù ńlá kan, tókúnbọ̀ tó rà ní Kútọnu, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà. Gbogbo wa ló mọ̀ pé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rà á fún. Ó yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn. Ó pe ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe. Ẹni náà ní àfi kí òun so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kí òun tó mọ ohun tó ń ṣe é. Òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní Kútọnu, Kútọnu sì wà lẹ́yìn ààlà. Jíìpù náà kò jábọ́, kò kọlu nǹkan kan, táyà rẹ̀ kò jò. Ara rẹ̀ le koko. Ó kàn kọ̀ ni.

Bàbá wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ẹ lọ ti tèmi jáde.” Tirẹ̀ ni Peugeot 504 onídísẹ́ẹ̀lì kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí gbogbo wa ń pè ní bâchée, èyí tó fi kó àgbàdo àti ẹyìn láti Towé lọ sí Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ títí ó fi rán gbogbo wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni ó wà nígbà náà. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. A tì í lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́. A tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó jí. Bàbá ní kí a kó àpò àgbàdo mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, kò sì ní di ilẹ̀ mú bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́. A kó pákó méjì, ọkọ́ àti okùn. Bàbá ló wà á. Èmi ń fi iná ọwọ́ ṣáájú níbi tí ọ̀nà ti burú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a rì. Ní ìgbà kejì, a ti gbé aboyún náà, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín àpò, ìyá rẹ̀ sì di orí rẹ̀ mú. Àwọn ará abúlé tú jáde nínú òjò, wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, wọ́n tì wá. N kò mọ orúkọ ìdajì wọn títí di òní. Ìmọ́lẹ̀ ti ń là nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ní Pobè. Ọmọbìnrin ni ó bí. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí.

Lẹ́yìn èyí, mo lọ bá mẹkáníìkì àgbàlagbà tó máa ń tọ́jú ọkọ̀ Bàbá, mo bi í ní ohun tó mú kí ọkọ̀ tó ti gbó ṣe ohun tí èyí tó tuntun kò lè ṣe. Ó ní, “Tíṣà, ọkọ̀ tí o kò lè ṣí kì í ṣe tìrẹ.” Ó wá ka ìbéèrè mẹ́ta fún mi: kí ni ọkọ̀ náà ń mu, níbo ni ẹ̀yà rẹ̀ wà, ọwọ́ ta ni ó mọ̀ ọ́n?

Mo ti fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wọn ọ̀pọ̀ ìtàn láti ìgbà náà. Ní ọdún 1987, àwọn ọmọ ogun Chad fi ọkọ̀ Toyota kéékèèké ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun onírin ti Libya ní aṣálẹ̀, débi pé wọ́n sọ ogun náà ní Ogun Toyota. Kì í ṣe pé irin Toyota nípọn ju ti ọ̀tá lọ. Ó yára, ó fúyẹ́, wọ́n sì lè tún un ṣe lójú ọ̀nà. Ìdí kan náà ni àwọn àjọ aṣèrànwọ́ fi ń lo Land Cruiser alápá 70, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1984. Ní tiwa, Kaduna ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975, nítorí náà ẹ̀yà 504 pọ̀ ní apá méjèèjì ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ tún wo ọkọ̀ ojú irin tó máa ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobè nígbà kan rí. Ó lágbára ju Hummer lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn tó ń bójú tó o dáwọ́ dúró, òun náà dúró.

Ní ti ohun mímu, ẹ má ṣe ṣe bí ẹni tó ń kó epo bẹntiróò pamọ́ sílé de ọjọ́ ìṣòro. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké gbiná, ènìyàn tó lé ní 30 sì kú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sàn díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé gasoil kì í tètè gbiná bíi bẹntiróò. Níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Paris ní ọdún 1900 pàápàá, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan. Àwa tí à ń gbé láàárín ọ̀pẹ, tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè fún láti ọdún 1922, lè fi ìyẹn yangàn. Ṣùgbọ́n epo pupa ki, àfi kí wọ́n gbóná rẹ̀ kó tó lè ṣàn dáadáa, ó sì lè dí ihò tíntìntín tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dán an wò.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí gbogbo wa lọ ra 504. Bí ó bá jẹ́ Kútọnu ni mò ń gbé, Toyota kékeré tí ẹ̀yà rẹ̀ kún ojú pópó ni n bá mú. Ọmọbìnrin tó mú zémìján kò sì ṣìnà: kò sí abúlé tí a kò ti lè rí ẹni tó mọ alùpùpù tún ṣe, ó sì ń gba ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò lè gbé obìnrin tó ń rọbí, ìyá rẹ̀ àti ẹni tó mú iná ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè kẹrin nìyẹn, èyí tí mẹkáníìkì kò kà fún mi: ta ni o fẹ́ gbé?

Bàbá wa ti sùn báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan tó ń ra irin àlòkù wá wo bâchée rẹ̀, ó sì dá owó lé e. A ṣe ìpàdé ẹbí. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò kọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀. Ó ní kí a tà á. Ó ní mẹkáníìkì Bàbá ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọmọ iṣẹ́ tó kù sí i lọ́wọ́ sì ti lọ kọ́ títún fóònù ṣe. Bí bàbá yẹn bá kú, kí ni ìyàtọ̀ láàárín bâchée àti jíìpù tòun? N kò rí èsì fún un, nítorí pé òótọ́ ni. Ohun tí mo rí sọ ni pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan.

Ọdún náà ti dé ìdajì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ kíláàsì mi méjì ń lọ sí gáráàjì bàbá náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin onízémìján. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń fi ẹnu júwe. Àwa ni à ń fi ọwọ́ ṣe é. Mo ti mọ bí a ṣe ń lé atẹ́gùn jáde nínú ọ̀nà epo bí gasoil bá tán lójú ọ̀nà. N kò tíì mọ bí a ṣe ń to fáàfù, ó sì ti bú mi nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin náà mọ̀ ọ́n.