Ẹni Tó Ru Iyanrìn

Inú agolo bisikíìtì ni bàbá mi kó ìwé wọn sí. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, a bá rìsíìtì ilẹ̀ tí akọ̀wé kan ti fi gègé kọ, a bá ìwé owó-orí tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, a bá ìwé bánkì méjì. Kò sí ìwé ìhágún. Kò yà wá lẹ́nu. Lójú bàbá mi, ẹni tó bá jókòó tó ń kọ bí wọn yóò ṣe pín ogún òun ti ń pe ikú. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ra aṣọ òfì tí a fi sin wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bánkì ló kọ́kọ́ dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀. Orúkọ mi ni wọ́n bá nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè next of kin. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ọmọ ìyálé, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. Wọ́n gbà pé bàbá ti ta mí lọ́rẹ owó náà. Èmi náà, kí n má parọ́, gbà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní puróbéètì, ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún òkú lọ́gbà kóòtù gíga, ni akọ̀wé kan ti là wá lójú: ẹni tí bánkì máa wá kàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ajogún. Owó ò ní ṣeé fọwọ́ kàn títí kóòtù yóò fi fún àwọn alábòójútó ogún níwèé.

Òfin kò gbà ju alábòójútó mẹ́rin lọ. Ìdí mẹ́ta ni ilé wa: ìyálé bí ẹyọ ọmọ kan, ìyá mi bí mẹ́rin, ìyàwó kékeré bí méjì. A mú ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ti ẹnì kẹrin dá ìjà sílẹ̀ ju ti mẹ́ta ìyókù lọ, la bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ká gbé fọ́ọ̀mù lọ fún bánkì kí wọ́n kọ iye tó wà nílẹ̀ sí i, ká wá onídùúró méjì, ká polongo nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè yọjú. Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tí ìdí àwọn ọmọ olóògbé ti mú dán.

Ilé gan-an ló le. Yàrá 12 ni. Bí ẹni tó fẹ́yàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìkọ nǹkan sílẹ̀, ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí ni Yorùbá fi ń pín ogún rẹ̀. Ìdí-igi ń wo iye ìyàwó tó bímọ, orí-ò-jorí ń wo iye ọmọ. Bí a bá tẹ̀ lé ìdí-igi, yàrá mẹ́rin ni ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan, àwa mẹ́rin ọmọ ìyá mi á mú yàrá kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ọkùnrin fò dìde, ó ní ta ló tún ń ṣe irú ìyẹn láyé ìsinsìnyí.

Ìbínú yẹn ti pẹ́ nílé ayé. Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ ogún rẹ̀, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Dawodu àti Danmole, orí-ò-jorí ni adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ dá a nù. Ní 1962, Privy Council, ilé ẹjọ́ òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìdí-igi ni àṣà, àmọ́ bí ìjà bá wọ̀ ọ́, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Ọdún 22 lẹ́yìn ikú! Ẹ̀rín máa ń pa mí: òyìnbó jókòó sínú òtútù, ó ń sọ bí ọmọ Yorùbá yóò ṣe pín ogún bàbá rẹ̀. Wọn ò sì kúkú ṣì í wí.

Olórí ẹbí tiwa, àbúrò bàbá mi, ní ìdí-igi ni. Inú bí mi. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ìyálé ló fi orí ru iyanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé náà láti etí odò. Wọ́n ti kan òrùlé kí ìyá mi tó wọlé. Ìyàwó kékeré bá ilé tí wọ́n ti kùn lọ́dà. Yàrá mẹ́rin tọ́ sí ìdí ìyálé, mo gbà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin náà ni ti ìdí ìyàwó kékeré. Àṣà kì í béèrè ẹni tó ru iyanrìn. Ìyálé fúnra wọn kò tilẹ̀ jogún nǹkan kan, nítorí aya kì í jogún ọkọ nílànà ìbílẹ̀. Yàrá ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé. Ká ní wọn ò bí ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ṣe tó sì lè fi ìwé san án fún un, ẹni yẹn sì ń bẹ̀rù bírò.

Mo ti ń kọ ìwé ìhágún tèmi. Àbúrò mi obìnrin yọ̀ǹda láti ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní rárá o: ohun tí ìwé bá fún ẹlẹ́rìí, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ méjì tí kò ní gbà ju máàtìnà tútù lọ ni yóò buwọ́ lù ú lójú mi. Ìgbà tí mo kan ibi tí mo fẹ́ kọ tìyàwó mi sí, mo ju bírò sílẹ̀, mo lọ kí ìyálé. Mo béèrè iye garawa iyanrìn tí wọ́n rù.

Wọ́n fọwọ́ pa àárín orí wọn, ibi tí òṣùká máa ń wà. Wọ́n ní, “Bàbá yín ló máa ń fi èédú fa ìlà rẹ̀ sára ògiri. Ìgbà tí wọ́n rẹ́ ilé, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ ọn.”