Díjéè Níbi Ìgbéyàwó

Ó ṣòro kí ènìyàn lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lóde òní kí ó má bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn tábìlì ní igun gbọ̀ngàn, tí ó fi ẹ̀rọ bo etí kan, tí ó sì ṣí èkejì sílẹ̀. Díjéè ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ó wọ aṣọ ẹbí kì í bìkítà fún un, àfi bí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù. Àwọn tí ń gbé oúnjẹ kiri a sì máa gbàgbé tirẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni okùn ọjọ́ náà wà. Etí tí ó bò ni ó fi ń gbọ́ orin tí ó kàn. Èyí tí ó ṣí sílẹ̀ ni ti àwọn ènìyàn, òun gan-an sì ni kókó iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ nira tó báyìí nígbà kan. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ẹgbẹ́ olórin jùjú ni àwọn tí apá wọn ká a ń pè sí òde. Ẹni tí kò lágbára láti pe Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé a máa fi àwo wọn ṣe àríyá. Ojú kan àwo ńlá lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àwọn olórin jùjú a sì máa so orin mọ́ orin títí ojú náà yóò fi tán. Ẹni tí ó gbé abẹ́rẹ́ lé irú àwo bẹ́ẹ̀ lè jẹ iyán rẹ̀ tán kí ó tó padà sídìí ẹ̀rọ. Díjéè òde òní kò ní irú ìsinmi yẹn. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni orin rẹ̀ wà, ó lè gé e níbi tí ó bá wù ú. Nítorí náà, ibikíbi tí ó bá gé e sí, òun ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Ẹ wo ètò ìdána. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a jó wọlé, alága ìjókòó a ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, pé ìdọ̀bálẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Orin gbọ́dọ̀ bá wọn padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyà wọn bá kan ilẹ̀ tán, orin gbọ́dọ̀ dákẹ́, nítorí àdúrà ni àwọn àgbà ń gbà lé wọn lórí, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wọn lẹ́nu. Ìlù tí ó bá dún jù, yíya ní í ya. Lẹ́yìn èyí ni ìyàwó yóò wọlé, tí a fi ìbòjú bò, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká. Kí àlejò kankan tó dé ni díjéè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rin ọ̀nà náà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí àga, ní ìrìn ẹni tí ó wọ bàtà gogoro. Bí orin bá tán kí ọmọbìnrin náà tó dé ibi tí ó ń lọ, ìyókù ọ̀nà náà yóò gùn lójú rẹ̀ ju ti àtàárọ̀ lọ.

Ti oúnjẹ kò le: kí orin rọlẹ̀ kí ará lè bá ará sọ̀rọ̀. Ti owó níná ni ó ta kókó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé owó dání láti ilé kì í rántí òfin nígbà tí wọ́n bá ń lu ìlù tí ó mọ̀.

Díjéè kan wà ní Ìbàdàn tí ojú rẹ̀ rí màbo kí iṣẹ́ yìí tó yé e. Bàbá ìyàwó ọjọ́ náà ti ṣaláìsí ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìwé ètò ìgbéyàwó mìíràn ni ẹnì kan dà kọ, atọ́kùn sì kà á bí ó ti rí: ó kan ijó ìyàwó àti bàbá rẹ̀. Díjéè fi orin ìyìn bàbá sí i, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ìyàwó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Àbúrò bàbá wà ní ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá a sọ ọ́ ṣáájú.

Ọwọ́ díjéè gan. Bí ó bá gé orin náà lójijì, ìdákẹ́jẹ́ yóò pariwo ju orin lọ. Bí ó bá fi í sílẹ̀, pàṣán ni. Ó rọra fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì juwọ́ sí bàbá onígángan kan tí ó ti ń lù lẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, tí inú ń bí òun fúnra rẹ̀ sí pé ó ń da orin òun rú. Bàbá náà wọlé. Oríkì ìdílé olóògbé ni ó fi gángan pè. Ìlà kẹta kò tí ì pé tí àbúrò bàbá fi dìde, tí ó gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká, tí ó lọ di ọwọ́ ọmọ mú. Ìyá tẹ̀lé wọn. Díjéè yọ ẹ̀rọ kúrò ní etí rẹ̀ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, onígángan wá bá a níbi tí ó ti ń ká wáyà.

“Ọmọ mi, ṣé o bi wọ́n ní nǹkan kan kí o tó gbé ẹ̀rọ rẹ dé?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ìwé ètò ni wọ́n fún mi.”

“Ìwé ètò kì í sọ ẹni tí ó ti kú fún ni. Èmi bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì.”

Láti ìgbà náà, díjéè yìí ní ìwé pélébé kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó, yóò lọ sí ilé àwọn òbí, yóò kúnlẹ̀ ìbéèrè: ta ni kò lè dúró pẹ́, ìyá wo ni yóò jókòó sí àga ìyá, àwọn mọ̀lẹ́bí wo ni kò gbọdọ̀ jó wọlé pọ̀. Àwọn mìíràn a rò pé ó fẹ́ fi kún owó rẹ̀ ni. Ìyá kan bu omi tútù fún un, ó ní kí ó kọ́kọ́ sọ orin tí yóò lò fún òun.

“Ẹ ṣeun mà,” ni ó dáhùn, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. “A ó dé orí ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni yóò mú ìyàwó wọlé?”